Bí lẹ́tà Charles Darwin ṣe di ìwé 30

Ọ̀pọ̀ lẹ́tà tí àwọn èèyàn kọ sí Charles Darwin, onímọ̀ ẹ̀dá ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣàlàyé bí ẹ̀yà ẹ̀dá ṣe ń yí padà, kí ọdún 1862 tó dé, òun fúnra rẹ̀ ló dáná sun wọ́n. Kì í ṣe pé àṣírí kankan wà níbẹ̀. Irin ṣóńṣó ló máa ń fi gún lẹ́tà tó bá ti kà tán jọ, irin náà kò sì pọ̀ nílé. Bí wọ́n bá ti kún, á kó lẹ́tà ọdún mélòó kan sínú iná kí irin lè ṣófo. Francis ọmọ rẹ̀ ló ròyìn èyí. Nígbà tó yá ni wọ́n tó rọ̀ ọ́ pé kó máa tọ́jú àwọn tó bá nítumọ̀.

Lẹ́tà ló sì gbé e dé ojú ọ̀nà níbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1831, John Stevens Henslow, olùkọ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Cambridge, kọ̀wé sí i pé àyè kan ṣí sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi Beagle fún ọ̀dọ́kùnrin tó bá fẹ́ràn ìmọ̀ nípa ẹ̀dá. Ọdún márùn-ún ni ìrìn àjò náà gbà. Bí ọkọ̀ ṣe ń lọ ni Darwin ń kọ̀wé sí Henslow nípa òkúta àti egungun tó rí. Ní 1835, Henslow ka díẹ̀ nínú wọn sétí àwọn onímọ̀ ní Cambridge, ó sì tẹ̀ wọ́n ní ìwé pélébé, láìbi ẹni tó kọ ọ́ léèrè, nítorí ojú òkun ló ṣì wà. Kí Darwin tó padà sílé, orúkọ rẹ̀ ti délé ṣáájú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò tún fi ilẹ̀ Britain sílẹ̀ mọ́ títí ó fi kú. Ní 1842, òun àti Emma ìyàwó rẹ̀ kó lọ sí abúlé Down ní Kent. Ara rẹ̀ kò le, èébì àti inú rírun kò jẹ́ kó gbádùn. Ṣùgbọ́n ìjọba ti sọ owó lẹ́tà di kọ́bọ̀ kan ní 1840, ibi yòówù kó ń lọ nínú ilẹ̀ náà. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó gba lẹ́tà ló sábà máa ń sanwó, bí ọ̀nà bá sì ṣe jìn tó ni owó ń gòkè. Ní tèmi, owó kọ́bọ̀ kan yẹn wúlò fún iṣẹ́ Darwin ju ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ tó ní nílé lọ. Ó bi àwọn tó ń sin ẹyẹlé léèrè ọ̀rọ̀ ẹyẹlé, ó bi olùṣọ́gbà, ó bi míṣọ́nnárì. Ẹ̀bẹ̀ ló máa ń fi ṣáájú, pé kí wọ́n má bínú pé òun ń yọ wọ́n lẹ́nu, lẹ́yìn náà ni ìbéèrè á wá tò lọ rẹrẹẹrẹ.

Ní oṣù kìíní 1862, James Bateman, ẹni tó ń gbin òdòdó, fi òdòdó orchid kan láti Mádágásíkà ránṣẹ́ sí i. Òdòdó yìí ní ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gùn tó ínṣì 11 ààbọ̀, ìsàlẹ̀ pátápátá nìkan sì ni omi dídùn rẹ̀ wà. Darwin kọ̀wé kíá sí Joseph Hooker ọ̀rẹ́ rẹ̀: kòkòrò wo ló lè fa èyí mu? Ó ní àfòpiná kan gbọ́dọ̀ wà ní Mádágásíkà tí ahọ́n rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀. Ní 1903, ọdún 21 lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn onímọ̀ kọ̀wé pé irú àfòpiná bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Ní 1867 ó tẹ ìwé ìbéèrè pélébé kan nípa bí ojú èèyàn ṣe ń fi ohun tó wà nínú rẹ̀ hàn, ó sì fi ránṣẹ́ káàkiri ayé. Ṣé bí ohun kan bá ya èèyàn lẹ́nu, ojú àti ẹnu a là, irun ojú a sì gbéra sókè? Ṣé ìtìjú máa ń mú kí ojú pọ́n? Ọ̀kan nínú àwọn tó dá a lóhùn ni Winwood Reade, tó ń rìnrìn àjò ní Sàró àti Gold Coast (Gánà òde òní) nígbà náà.

Hooker yìí náà ló kọ̀wé sí ní 1844 pé ó jọ pé ẹ̀yà ẹ̀dá máa ń yí padà, ó ní ṣe ló dà bí ẹni ń jẹ́wọ́ pé òun pàànìyàn. Ní oṣù kẹfà 1858 ni lẹ́tà Alfred Russel Wallace, onímọ̀ ẹ̀dá mìíràn, dé láti àwọn erékùṣù ìlà-oòrùn Éṣíà, èrò kan náà ló wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje, wọ́n ka ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì pọ̀ ní Linnean, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀dá ní Lọ́ńdọ̀nù. Lẹ́tà Wallace yẹn ti sọnù, àwọn kan sì ń sọ pé Darwin ló fi pamọ́. Èmi ò gbà. Ẹni tó ń sun lẹ́tà nítorí irin, kí ló fẹ́ fi pamọ́?

Ó kú ní oṣù kẹrin 1882. Francis wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó èyí tí bàbá rẹ̀ kọ jọ láti ọwọ́ àwọn tó gbà wọ́n, ó tẹ ìwé mẹ́ta jáde ní 1887, òun àti A. C. Seward sì tún tẹ méjì ní 1903. Ṣùgbọ́n ó yan èyí tó wù ú ni. Ní 1974 ni Frederick Burkhardt, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń fẹ̀yìntì lọ́wọ́, àti Sydney Smith ti Cambridge dá iṣẹ́ tí yóò tẹ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni. Darwin kì í sábà kọ ọdún sórí lẹ́tà, nígbà mìíràn ọjọ́ nìkan ló ń kọ, "Ọjọ́bọ̀", ó parí. Ó tún máa ń fi àlùmọ́gàjí gé lẹ́tà tó gbà, kó lè to ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sí ibi tó yẹ ẹ́, nítorí náà àwọn olóòtú ní láti wá àwọn ègé náà papọ̀. Ìwé àkọ́kọ́ jáde ní 1985, Burkhardt kú ní 2007, ìwé ọgbọ̀n jáde ní 2023. Lẹ́tà bíi 15,000 ni, láàárín Darwin àti nǹkan bí èèyàn 2,000. Ọ̀fẹ́ ni ẹnikẹ́ni lè kà wọ́n lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn mìíràn sì ṣì ń yọjú láti inú àpótí ìdílé àwọn tó gbà wọ́n.