Ìgbìmọ̀ Ẹlẹ́ni Mẹ́ta, Orin Wákàtí Kan

Ìyá kan pè mí láti Ìkẹ́rẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, ohùn rẹ̀ ò dùn rárá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń kàwé másítà nínú orin kíkọ ní Amẹ́ríkà. "Ọ̀gá tíṣà, ọmọ tó ti ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì láti kékeré, wọ́n ní kò tíì lè ṣe recital. Àbí wọ́n kórìíra rẹ̀ ni?"

N kò dá a lẹ́bi. Ní Èkìtì níbí, a mọ bí èèyàn ṣe ń di dókítà nínú kẹ́místírì. Ti orin ló ṣì ń rú wa lójú.

Recital, ìyẹn kí akẹ́kọ̀ọ́ dúró kọrin níwájú èrò àti àwọn olùkọ́, kì í ṣe òde àríyá. Ìdánwò ni, bí èrò tilẹ̀ kún gbọ̀ngàn tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Àwọn tó ń fúnni ní máàkì kì í sábà ju mẹ́ta lọ fún másítà: olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ náà lórin gan-an, àti méjì mìíràn. Fún oyè dókítà, wọ́n lè tó mẹ́rin tàbí márùn-ún, ọ̀pọ̀ iléèwé sì máa ń fẹ́ kí ẹnì kan ti ẹ̀ka mìíràn wá, kó má di pé ará ilé kan náà ló ń dá ẹjọ́ ara wọn. Ẹ má fi olùkọ́ méjì tí kì í kí ara wọn sínú ìgbìmọ̀ kan. Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ ni ìjà wọn máa bà lé lórí.

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ọjọ́ náà, ìgbìmọ̀ á kọ́kọ́ gbọ́ ọ nínú yàrá. Wọ́n lè mú orin tó bá wù wọ́n nínú àtòkọ, wọ́n sì lè dá a dúró láàárín. Ẹni tí kò bá tíì há orin rẹ̀ sórí, wọ́n á ní kó sún ọjọ́ síwájú. Ibẹ̀ ni ọmọ ìyá yìí ti kọsẹ̀, kò sí ìkórìíra níbẹ̀.

Àtòkọ orin gan-an ló gba ọgbọ́n jù. Wọ́n sábà máa ń béèrè bíi wákàtí kan, wọ́n sì máa ń fẹ́ kí akọrin kọ ti Ítálì, ti Jámánì, ti Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ wa tún máa ń fẹ́ fi Yorùbá kún un, bí irú èyí tí Ayọ̀ Bánkọ́lé, ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣẹ̀dá orin, kọ fún ohùn àti dùùrù. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí ìwé ètò tí akẹ́kọ̀ọ́ kan tẹ "oko" sí láìsí àmì kankan. Òyìnbó inú ìgbìmọ̀ ti lọ wo ìwé atúmọ̀ èdè, ó wá béèrè pé ṣé ọkọ ìyàwó ni, àbí ọkọ́ tí a fi ń ro oko, àbí ọkọ̀? Ọmọ náà ò rí èsì fọ̀. Ẹ tẹ àmì ohùn sí i, ẹ kọ ìtumọ̀ sí abẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ìgbìmọ̀ ti rí i tipẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi àlámọ̀, orin àwọn ìyá wa ní Èkìtì, ṣe recital alálàyé (èyí tí èèyàn ti ń kọrin, tó tún ń ṣàlàyé rẹ̀) fún oyè dókítà, kó kọ́kọ́ gba àṣẹ lórí àkòrí náà. Wọ́n á béèrè èyí tó máa kọ àti èyí tó máa sọ.

Kí n tú àṣírí ara mi. Nígbà tèmi, ìṣẹ́jú tí mo fi wọlé, tí mo fi tẹríba, tí mo fi mu omi, gbogbo rẹ̀ ni mo kà mọ́ orin. Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ gbé aago rẹ̀ sórí tábìlì. Ìṣẹ́jú méjìlélógójì péré ló bá. Mo tún un ṣe.

Ẹ tètè fún atẹdùùrù ní ìwé orin, ẹ sì san owó rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi piano ilé dánra wò ní Adó, ẹ rántí pé ọyẹ́ máa ń gbẹ igi rẹ̀, ohùn rẹ̀ á wálẹ̀ díẹ̀. Ti gbọ̀ngàn lè ga ju èyí tó ti mọ́ yín lára lọ.

Ìyá náà béèrè bóyá òun lè wò ó. Mo ní bí iléèwé bá gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á rí i lórí fóònù, ṣùgbọ́n aago méje alẹ́ níbẹ̀ lè jẹ́ aago kan òru ní Ìkẹ́rẹ́. Ó ní òun á ti fi fóònù sí ṣáàjì láti ọ̀sán, kí NẸ́PÀ tó mú iná lọ.