Bí Q Ṣe Ń Rìn Láìsí U Nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ègé 100 ló wà nínú àpò Scrabble, eré tí wọ́n ti ń fi ègé lẹ́tà to ọ̀rọ̀ sórí bọ́ọ̀dù. Q jẹ́ ẹyọ kan, U jẹ́ 4. Bí U mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ti wà lórí bọ́ọ̀dù kí Q tó bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan, tí kò sì ní ègé òfìfo tó lè fi dí àlàfo náà, QUEEN àti QUICK ti kúrò ní ohun tó lè kọ nìyẹn. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó ní Q láìní U ló máa ń yọ irú ẹni bẹ́ẹ̀: QI, QAT, SUQ, QADI, QAID, QOPH. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló há wọn sórí bí ẹni há nọ́ńbà fóònù, láìmọ ohun tí wọ́n jẹ́. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá mọ ọ̀nà tí wọ́n gbà wọ inú Gẹ̀ẹ́sì kò ní í tètè gbàgbé wọn.

Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kì í fi Q kọ irú ọ̀rọ̀ bíi QUEEN. CWEN ni wọ́n ń kọ fún ayaba. Àwọn ará Róòmù ló máa ń fi QU kọ ìró KW yẹn nínú èdè Látìn, èdè Faransé sì jogún rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí àwọn Norman ti ilẹ̀ Faransé ṣẹ́gun ilẹ̀ England ní 1066, àwọn akọ̀wé tí Látìn àti Faransé mọ́ lára ló ń kọ ìwé, wọ́n sì ń fi QU rọ́pò CW díẹ̀díẹ̀ títí CWEN fi di QUEEN. Nítorí náà, bí Q bá dá dúró nínú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, àlejò ni ọ̀rọ̀ náà sábà máa ń jẹ́, ẹ̀yìn ìgbà náà ló sì dé.

Láti inú èdè Lárúbáwá ni èyí tó pọ̀ jù ti wá. Lárúbáwá ní lẹ́tà kan tí wọ́n ń pè ní qāf, ìró K tí wọ́n ń fà láti ìsàlẹ̀ ọ̀fun. Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú ìró yìí, Q ni àwọn tó ń kọ ọ́ ní lẹ́tà Róòmù sì yàn fún un. SUQ ni ọjà. QADI ni adájọ́ tó ń fi òfin Ìsìláàmù dájọ́. QAID ni ìjòyè tàbí olórí ìlú ní Àríwá Áfíríkà. QAT ni ewé tí wọ́n ń jẹ lẹ́nu ní Yemen àti Etiópíà kí ara wọn lè yá gágá. Bí lẹ́tà bá pọ̀ lọ́wọ́, NIQAB tí àwọn obìnrin Mùsùlùmí kan fi ń bo ojú wà níbẹ̀, àti QIBLA, ìhà tí Mùsùlùmí ń dojú kọ bí ó bá ń kírun.

Nítorí pé ìró yẹn ṣòro fún Gẹ̀ẹ́sì, kálukú kọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí QAT fi tún ń jẹ́ KAT àti KHAT, tí QADI fi tún ń jẹ́ CADI àti KADI. Gbogbo wọn ló wà nínú ìwé ọ̀rọ̀ tí Scrabble gbà. Fún ẹni tó ń ta Scrabble, èrè ńlá ni: ìtumọ̀ kan, ọ̀nà mẹ́ta láti kọ ọ́.

QOPH wá láti èdè Hébérù, lẹ́tà kọkàndínlógún wọn ni. Ìbátan ni òun àti qāf, kódà ìdílé kan náà ni Q tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò ti jáde.

Ọ̀nà ti QI yàtọ̀. Ní 1958, ìjọba Ṣáínà fọwọ́ sí Pinyin, ìlànà fún kíkọ èdè wọn ní lẹ́tà Róòmù, Q inú rẹ̀ sì sún mọ́ ìró CH ti Gẹ̀ẹ́sì. Agbára ìyè tí wọ́n gbà pé ó ń ṣàn nínú ara, tí wọ́n ń kọ ní CHI tẹ́lẹ̀, wá di QI. Ní 2006 ni wọ́n gbà á fún ìdíje ní Amẹ́ríkà, kò sì sí ọ̀rọ̀ Q kankan tó wúlò tó o. Q níye lórí ní máàkì 10, I ní 1. Bí Q bá bọ́ sórí àpótí tó ń sọ lẹ́tà di ìlọ́po mẹ́ta, QI di 31. Bí I kan bá ti wà nísàlẹ̀ àpótí náà, tí a sì fi I mìíràn sí ọwọ́ ọ̀tún Q, QI méjì ló jáde lẹ́ẹ̀kan náà: 62, pẹ̀lú ègé méjì péré láti ọwọ́. Bí eré bá sì parí tí Q ṣì wà lọ́wọ́ ẹnì kan, 10 yóò kúrò nínú tirẹ̀, 10 yóò sì kún ti ẹnì kejì.

TRANQ ní tirẹ̀ kì í ṣe àlejò. Wọ́n gé TRANQUILIZER, orúkọ oògùn amárarọ̀, kúrú ni, ọ̀bẹ sì ṣubú láàárín Q àti U.

Ìtumọ̀ tún máa ń jẹ́ ká mọ èyí tó gba S. Ohun tó ṣeé kà ni ọjà, ewé àti adájọ́, nítorí náà SUQS, QATS àti QADIS dára. QIS náà dára, bó tilẹ̀ ṣòro láti ronú kan agbára ìyè méjì. IRAQ àti QATAR kò wọlé rárá, orúkọ orílẹ̀-èdè ni wọ́n.

Kí wọ́n tó fa ègé àkọ́kọ́, ó yẹ kí àwọn tó ń ta á fẹnu kò lórí ìwé tí wọn yóò lò. Ọ̀rọ̀ onílẹ́tà méjì jẹ́ 107 nínú ìwé Amẹ́ríkà ti 2018, ó sì jẹ́ 127 nínú ti Collins, ìwé tí wọ́n ń lò ní Britain, ti 2019. QI wà nínú méjèèjì, bẹ́ẹ̀ náà ni ZA, ìgékúrú fún pizza. ZO, àdàlù màlúù àti yak, ẹran onírun gígùn ti ilẹ̀ Tibet, kò sí nínú ti Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá gbé e kalẹ̀ níbẹ̀, tí ẹnì kejì sì takò ó, yóò kó ègé rẹ̀ padà, àyè rẹ̀ láti ta yóò sì ti kọjá.