Bí òrùlé kọ́nfátíbù tòkúnbọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, àti ibi tó ti máa ń yọni lẹ́nu

Ní ọjà mọ́tò Berger, kí wọ́n tó dúnàádúrà kọ́nfátíbù tòkúnbọ̀, mọ́tò tí òrùlé ẹ̀ ń ṣí, ẹni tó ń tà á á kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnnì, òrùlé á ká wọnú bùútù, àwọn tó dúró á máa pariwo. Kò sẹ́ni tó máa bèèrè pé omi òjò ńkọ́, ibo ló ń gbà jáde? Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Òrùlé aṣọ yẹn, kì í ṣe pé omi ò lè kọjá rárá o. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé díẹ̀ máa yọ́ gba etí ẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ṣe fi gọ́tà kékeré síbi tí òrùlé ti pàdé ara mọ́tò lẹ́yìn, omi á bọ́ síbẹ̀, á gba páìpù rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́tùn-ún lósì, á ro sílẹ̀. Tí wọ́n bá wá ń páàkì ẹ̀ sábẹ́ igi fúrúùtù ní Sùúrùlérè, ewé àti eruku ọyẹ́ á dí páìpù yẹn pa, nígbà tójò oṣù kẹfà bá dé, omi tí ò rọ́nà lọ á yà sínú mọ́tò. Fóòmù abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì á fà á mu bíi kànrìnkàn. Ojú kápẹ́ẹ̀tì lè gbẹ o, àmọ́ téèyàn bá fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ẹ̀yìn síìtì mọ́lẹ̀ dáadáa, omi á sun jáde láàárín ìka. Òórùn ló máa ń kọ́kọ́ tú u fó, bíi ti aṣọ tútù tí wọ́n ká sínú báàgì.

Yíyẹ̀ ẹ́ wò ò le: ìlàjì kọ́ọ̀pù omi, kí wọ́n dà á sí gọ́tà, kí ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò. Tí ò bá ro, okùn ọ̀rá tó nípọn bíi ti apẹja ni kí wọ́n rọra tì bọ̀ ọ́. Kí wọ́n má gbé e fún fọkanáísà kó fẹ́ atẹ́gùn sí i o, agbára ẹ̀ lè já páìpù kúrò níbi tó so mọ́ nínú lọ́hùn-ún, inú mọ́tò lomi á wá máa dà sí tààrà.

Èkejì ni òrùlé tó dúró sáàárín. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀, pọ́ǹpù ló ń ti ọ́ìlì lọ sínú àwọn jáàkì kéékèèké, jáàkì ló ń gbé òrùlé. Àmọ́ kọ̀ǹpútà ló ń pàṣẹ, súìṣì wà ní ìpele kọ̀ọ̀kan tó ń sọ fún un pé wíńdò ti wálẹ̀, húùkù ti tú, bùútù wà bó ṣe yẹ. Bíi kọ̀ndọ́ danfó tí ò ní fọwọ́ gbá ara ọkọ̀ títí ẹni tó kẹ́yìn á fi wọlé, tí súìṣì kan ṣoṣo ò bá dáhùn, ohun gbogbo dúró nìyẹn. Mẹkáníìkì á ní pọ́ǹpù ti kú, ẹ jẹ́ ká lọ ra òmíràn ní Ládípọ̀. Ó yá o! Kí wọ́n tó náwó, kí wọ́n gbọ́ ohùn ẹ̀ ná: tí pọ́ǹpù bá ń dún tí nǹkan ò mira, ó ṣeé ṣe kọ́ìlì ti lọ sílẹ̀ tàbí kí jáàkì máa jò. Tí ò bá dún rárá, kí wọ́n kọ́kọ́ wo bátìrì, fíúùsì, àti aṣọ tó pín bùútù sí méjì, torí nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, tí wọn ò bá fà á wálẹ̀ kó há, òrùlé ò ní mira. Bátìrì tó rọ̀ náà ń fa tiẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó ṣí i.

Àwọn Mercedes kan tó ti pẹ́, jáàkì wọn kan wà lókè gíláàsì iwájú, tó bá jò, orí dírẹ́fà lọ́ìlì ń kán sí. Rọ́bà inú ẹ̀ ṣeé pààrọ̀. Kí wọ́n má kàn bu ọ́ìlì bíréèkì sí i ṣá, ìwé mọ́tò ló máa sọ irú tó ń mu.

Rọ́bà etí òrùlé, gírísì sílíkóònù ni, kì í ṣe Vaseline, torí Vaseline ń mú un wú.

Tó bá wá dúró sáàárín ní Ozumba Mbadiwe tójú ọjọ́ ti ṣú, ẹni eji rí leji ń pa, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ló níbi tí wọ́n ń tú kí wọ́n lè fọwọ́ pa á dé. Èèyàn méjì ló ń gbé e, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, torí ẹnì kan tó bá fà á lápá kan á wọ́ irin ẹ̀.