Ibi tí áàpù aláboyún ti ń daṣẹ́ rú: ìbéèrè àkọ́kọ́

Ti àwọ̀, ti àwòrán ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín, ti bọ́tìnnì ńlá, ẹ jẹ́ ká fo gbogbo ìyẹn. Ibi tọ́rọ̀ wà ni ìbéèrè tó máa ń yọjú kété tí aláboyún bá ṣí áàpù tuntun: "Ọjọ́ wo lẹ rí nǹkan oṣù yín gbẹ̀yìn?" Kàlẹ́ńdà á yọ, àfi kó tẹ ọjọ́ kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní wọlé. Gbogbo nǹkan tó kù, ọ̀sẹ̀ tó wà, ìgbà tó yẹ kó lọ lo Fansidar, oògùn tó ń dènà ibà, ọjọ́ tó máa bí, orí ìdáhùn kan ṣoṣo yìí ni gbogbo ẹ̀ dúró lé.

Ìṣirò ẹ̀ ò le. Mú ọjọ́ àkọ́kọ́ nǹkan oṣù yẹn, fi ọjọ́ 7 kún un, yọ oṣù 3, kó o wá fi ọdún kan kún un. Ẹni tó rí tiẹ̀ ní January 10, 2025, EDD ẹ̀, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n fojú bù pé ó máa bí, á bọ́ sí October 17 ọdún yẹn, ọjọ́ 280 géérégé, ọ̀sẹ̀ 40. Orúkọ Franz Naegele, dókítà ará Jámánì kan láyé àtijọ́, ni wọ́n fi ń pe òfin yìí. Àmọ́ ẹni tó ń rí nǹkan oṣù lọ́jọ́ 28 sí 28 ló bá mu. Tẹni tó máa ń tó ọjọ́ 35 kó tó rí i, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló ti yẹ̀ yẹn, tí áàpù ò bá sì béèrè, irọ́ ló ti ń pa fún un látìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ń bí èèyàn nínú ni báwọn kan ṣe gbà pé ọjọ́ tí oyún dúró gan-an ni wọ́n ti ń kà á. Rárá o! Tí áàpù bá ní oyún ti pé ọ̀sẹ̀ 4, ọmọ inú ò tíì ju bí ọ̀sẹ̀ 2 lọ. Ọkọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìnàjò dé, tó gbé fóònù ìyàwó ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka ọ̀sẹ̀, ẹ ẹ̀ rí i pé ìjà ti dé nìyẹn. Gbólóhùn kan péré lábẹ́ nọ́ńbà yẹn ló máa parí ẹ̀, lábẹ́ nọ́ńbà o, kì í ṣe nínú abala ìrànlọ́wọ́ tẹ́nikẹ́ni ò ní ṣí.

Ẹni tí ò wá rántí ńkọ́? Wọ́n pọ̀. Ẹlòmíì ṣì ń fọ́mọ lọ́yàn lọ́wọ́, nǹkan oṣù ò tíì padà wá tóyún mìíì ti dé. Irú wọn á kàn tẹ ọjọ́ tó bá wù wọ́n kí ilẹ̀kùn lè ṣí ni. Ó yẹ kí "Mi ò rántí" tóbi tó kàlẹ́ńdà fúnra ẹ̀, kí áàpù wá rọra bi í pé, ṣé kí Iléyá tó dé ni àbí lẹ́yìn ẹ̀, ṣé ẹ ti ṣe síkáànù, ọjọ́ wo, ọ̀sẹ̀ mélòó ni wọ́n kọ síbẹ̀?

Síkáànù yìí gan-an ló dùn jù. Ẹ ro danfo tó gbéra ní Ọbáléndé tó ń lọ Ìyánà-Ìpájà. Ẹni tó rí i ní Adéníji, kó tó gun Third Mainland, lè sọ ìgbà tó kúrò ní gáréèjì, tó bá ṣìṣe kò ní ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ní Òwòrónṣòkí ó ti ń le, go-slow ti wọ̀ ọ́. Tó bá wá jẹ́ Ìyánà-Ìpájà lẹ ti rí i, ó lè ti tó wákàtí kan tó ti gbéra, ó lè tó mẹ́ta, torí dẹ́rẹ́bà yìí ń sáré, tọ̀hún ń wá èrò kiri, ti ẹnì kan tiẹ̀ ti gbóná ní Ọ̀ṣódì tó ń wá omi. Bọ́mọ inú ṣe rí nìyẹn: lóṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń dàgbà bákan náà, ìdí nìyẹn tí síkáànù tí wọ́n ṣe kó tó di ọ̀sẹ̀ 14 fi ń sún mọ́ òótọ́ jù, ṣùgbọ́n tó bá di oṣù keje, ìkan ti ki, ìkan tín-ín-rín, wíwọ̀n ò lè fi bẹ́ẹ̀ sọ ọjọ́ orí mọ́. Áàpù tó wá ń jẹ́ kí síkáànù tuntun pa EDD ti tẹ́lẹ̀ rẹ́ torí pé òun ló dé kẹ́yìn, ẹni tó kọ ọ́ ò ronú rárá. Èyí tó tètè ṣe jù ló yẹ kó borí.

EDD fúnra ẹ̀, nínú ogún obìnrin, bí ẹyọ kan ló ń bí lọ́jọ́ náà gan-an. Kí áàpù kọ September 26 sí October 31 fún ẹni tá a sọ lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ọ̀sẹ̀ 37 sí 42, kó sì sọ fún un pé tó bá ti kọjá 41 kó má jókòó sílé, ìyá tó ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú wá wẹ ọmọ náà á mọ ìgbà tó máa dẹrù. Àmọ́ ọ̀pọ̀ áàpù, ọjọ́ 280 pé báyìí, "Ẹ kú ewu ọmọ!" Wọn ò béèrè o. Bóyá ikùn ṣì wà níwájú, bóyá ọ̀sẹ̀ 11 loyún ti wálẹ̀ tí kò sì ríbi sọ ọ́ nínú áàpù. Bọ́tìnnì kan gbọ́dọ̀ wà tó máa dá gbogbo ẹ̀ dúró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìbéèrè ìdí, láìní "ṣé ó dá yín lójú" lẹ́ẹ̀mẹta.

Àti pé ta ló ń kéde oyún oṣù méjì fún èrò inú BRT? Tí fóònù bá tàn lórí itan, ohun tó yẹ kó hàn lójú ẹ̀ ni "Ìránlétí kan wà fún yín", ó tán.