Ìgò Mínírà Kọ́ Ni Ibùgbé Oògùn Apakoríko

Bí òjò bá ti ń rọ̀ léraléra ní Òṣogbo, koríko a máa bo ẹ̀yìnkùlé mọ́lẹ̀ láti Òkè-Báálẹ̀ dé Òkè-Fíà, ẹni tí kò dá oko rí pàápàá á di oníbàárà ìsọ̀ oògùn apakoríko. Torí pé ilẹ̀ rẹ̀ kò ju púlọ́ọ̀tì kan lọ, kì í ra odidi ìgò. Á ní kí wọ́n bu díẹ̀ fún òun, wọ́n á sì bù ú sínú ìgò mínírà tó ti ṣófo. Nínú gbogbo àṣìṣe tí à ń ṣe pẹ̀lú oògùn yìí, èyí ló burú jù lójú mi. Oríṣi apakoríko méjì ni mo ní lọ́kàn, glyphosate àti paraquat. Glyphosate pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí omi àgbo. Paraquat dúdú mọ́ àwọ̀ aró. Ẹ gbé èyíkéyìí nínú wọn sójú fèrèsé nínú ìgò kóòkì, ọmọ tí òǹgbẹ ń gbẹ bọ̀ láti ilé ìwé kò ní bèèrè kó tó ṣí i.

NAFDAC ti fòfin de paraquat láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024, ṣùgbọ́n èyí tí àwọn èèyàn ti rà pamọ́ ṣáájú ìgbà náà ṣì lè wà ní kọ̀rọ̀ yàrá. Ẹ̀kún ṣíbí ìjẹun kan, nǹkan bíi mílílítà 15, tó ó pa àgbàlagbà. Kò sí oògùn kankan tó ń pa oró rẹ̀. Ẹnu àti ọ̀fun á kọ́kọ́ bó, egbò á yọ lára ahọ́n, ẹni náà á máa bì. Lẹ́yìn ọjọ́ bíi méjì, èébì lè dáwọ́ dúró, kí ará ilé sì máa dúpẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn tàn yín jẹ. Inú ẹ̀dọ̀fóró ni oró náà ń kóra jọ sí. Kíndìnrín á daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró á máa le sí i, èémí á máa ṣòro, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta kó tó pa á.

Epo pupa kò wúlò níbí. Òun ni ọwọ́ àwọn ìyá wa kọ́kọ́ ń lọ bá, àánú ló sì ń mú wọn ṣe é. Ṣùgbọ́n epo kì í pa oró paraquat tàbí ti glyphosate, ó sì lè gba ọ̀nà èémí lọ bí aláìsàn bá ń bì. Ẹ má fi omi iyọ̀ tàbí ìka mú un bì: oògùn tó bó ọ̀fun nígbà tó ń wọlé á tún bó o nígbà tó bá ń jáde. Ẹ bọ́ aṣọ tó ta sí kúrò lára rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ara náà, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú ìgò oògùn náà lọ́wọ́. Ìwé ara ìgò ni dókítà fi ń mọ ohun tó ń bá jà. Ìgò mínírà kò ní sọ nǹkan kan fún un. Bó bá jẹ́ ojú ló ta sí, ẹ máa da omi tó mọ́ sí i fún ìṣẹ́jú 15, ó kéré tán.

Ẹni tó fẹ́ fín glyphosate, kó kọ́kọ́ rọ omi lásán sínú tánkì, kó pọ̀n ọ́n, kó fín díẹ̀. Bí ẹ̀yìn ẹ̀wù bá tutù, rọ́bà ẹnu ìdérí ti jẹ nìyẹn. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀rá tí wọ́n fi ń wé e kì í dá a dúró, awọ ẹ̀yìn á sì máa mu oògùn láti àárọ̀ dọ̀sán.

Ìgbà tí ẹ bá ń pò ó ló léwu jù, torí ẹ kò tíì bomi là á. Ìbọ̀wọ́ róbà, gílásì ojú, bàtà òjò, kí ẹsẹ̀ ṣòkòtò sì bo ẹnu bàtà láti òkè kí oògùn má ṣàn wọ inú rẹ̀. Ẹ bu omi dé ìlàjì tánkì, ẹ da oògùn sí i, kí ẹ tó fi omi kún un. Fún oògùn tó ní gíráàmù 360 glyphosate nínú lítà kan, lítà 4 la sábà ń lò fún hẹ́kítà kan. Bó bá jẹ́ lítà omi 200 lẹ fẹ́ fín sí hẹ́kítà náà, tánkì onílítà 16 á gba mílílítà 320. Bí ìwé ara ìgò bá sọ ohun mìíràn, òun ni kí ẹ tẹ̀lé. Ife ìwọ̀n ni kí ẹ lò, kì í ṣe agolo mílíìkì tí yóò padà sí ilé ìdáná.

Nígbà mìíràn tí wọ́n bá ní ayédèrú ni oògùn, omi ni kò mọ́. Amọ̀ inú omi tó dàrú ń di glyphosate mú, kò ní ráàyè ṣiṣẹ́. Àgbẹ̀ á wá fi ìlọ́po méjì kún un, nígbà tó jẹ́ pé omi kànga tó mọ́ gaara ì bá ti yanjú rẹ̀.

Ẹ kẹ́yìn sí afẹ́fẹ́ bí ẹ bá ń fín. Bí ẹnu ọ̀pá bá dí, ẹ má fi ẹnu fọn ọ́n. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó á ṣí i.

Ìgò tó bá tán, ẹ bu omi dé ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀, ẹ mì í dáadáa, ẹ dà á sínú tánkì tí ẹ ń fín, lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìṣó lu ìdí rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà fi ra kẹrosín. Ẹ má ṣan tánkì lẹ́bàá afárá Gbódòfọ́n tàbí níbikíbi létí Ọ̀ṣun. Omi yẹn ni wọ́n ń bu mu nígbà ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù kẹjọ, òun ni wọ́n fi ń wẹ ọmọ. Orí koríko tí ẹ ti fín ni kí ẹ da omi ìṣàn náà sí.

Ní ti púlọ́ọ̀tì kan ṣoṣo: ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 kò gbà ju nǹkan bíi mílílítà 270 lọ. Ìgò lítà kan á tó púlọ́ọ̀tì mẹ́ta. Kí aládùúgbò mẹ́ta dáwó ra ìgò kan tí òǹtẹ̀ rẹ̀ kò tíì já, kí wọ́n fín in lọ́jọ́ kan náà, kí díẹ̀ tó bá kù wà nínú ìgò rẹ̀ gan-an, nínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́, níta yàrá.