Párís ni owó ọkọ̀ tó bá èrò mu ti bẹ̀rẹ̀

Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ tí kò ní rẹ́ èrò ìgboro jẹ lónìí, orí káàdì tí wọ́n fi ń san owó ọkọ̀ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, àbí kó bẹ̀rẹ̀ látorí orílẹ̀-èdè Luxembourg tó sọ ọkọ̀ èrò di ọ̀fẹ́ lọ́dún 2020. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ jùyẹn lọ fíìfíì. Párís ló ti ṣẹ̀, lọ́dún 1662, Blaise Pascal ló sì dá a sílẹ̀, onímọ̀ ìṣirò yẹn tó ṣe ẹ̀rọ tó ń ro owó pọ̀.

Kó tó dé, ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin wà ní Párís tí wọ́n ń háyà, ṣùgbọ́n odidi ọkọ̀ lèèyàn máa háyà, ì báà jẹ́ ìwọ nìkan lò ń lọ, torí náà olówó ló ń gun ọkọ̀, àwọn tó kù ń fẹsẹ̀ rìn. Pascal àti ọ̀rẹ́ ẹ̀, Duke ti Roannez, wá ní ká máa ta ìjókòó, ká yéé ta odidi ọkọ̀. Èèyàn mẹ́jọ nínú ọkọ̀ kan, kálukú á san sol márùn-ún (owó ilẹ̀ Faransé ayé ìgbà yẹn ni sol), ó parí, kò sí dúnàádúrà. Ọba Louis XIV fọwọ́ sí i, nígbà tó sì di ọjọ́ 18 oṣù kẹta, ọkọ̀ méje bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọ̀nà láti ẹnubodè Saint-Antoine dé ààfin Luxembourg tó wà nínú Párís níbẹ̀. Gilberte, ẹ̀gbọ́n Pascal obìnrin, kọ lẹ́tà nípa ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn, ó ní òun dúró síwájú ṣọ́ọ̀ṣì Saint-Merri pé kóun wọkọ̀ lọ sílé, àfi bí ọkọ̀ márùn-ún ṣe kọjá lójú òun tí gbogbo wọn kún fọ́fọ́! Ẹ ò rí i, èrò ti ń dúró kí ọkọ̀ tó láyè dé látọdún 1662.

Ohun tó wù mí jù nínú ètò yẹn ò ju nǹkan méjì lọ. Àkọ́kọ́, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àṣẹ ọba pé ọkọ̀ á gbéra lásìkò ẹ̀, èèyàn ì báà kéré nínú ẹ̀, ì báà tiẹ̀ ṣófo pátápátá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jókòó sínú ọkọ̀ rí tẹ́ ẹ ń retí kí ìjókòó ẹ̀yìn kún kí dírẹ́bà tó ṣáná, ẹ mọ ohun tí mò ń wí, torí wákàtí téèyàn fi jókòó yẹn owó náà ni, èrò ló sì ń san án. Ìkejì ni ọ̀nà kan tó yí ìlú po. Ìyẹn gùn, wọ́n wá pín in sí mẹ́fà, ẹni tó bá lọ kọjá ibi tí sol márùn-ún ẹ̀ dé á san sol márùn-ún míì, ẹni tí ò lọ jìnnà ò ní san ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Gbogbo àríyànjiyàn tá à ń ṣe títí dòní, bóyá iye kan náà ni kí gbogbo èèyàn san àbí kálukú á san bó ṣe rìn jìnnà sí, Pascal ti dán méjèèjì wò láàárín oṣù díẹ̀.

Kí ló jẹ́ kó jẹ́ òun? Mo ti rò ó títí. Lọ́dún 1654, òun àti Pierre de Fermat ń kọ lẹ́tà síra wọn lórí ìbéèrè kan: bí àwọn méjì bá ń ta tẹ́tẹ́, tí wọn ò lè ta á parí, báwo ni wọ́n ṣe máa pín owó tó wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fi ní rẹ́ ẹnì kejì jẹ? Lójú tèmi, ọpọlọ kan náà ló ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Ẹni tó ti jókòó ti ìpín tó tọ́ sí kálukú, tó bá dórí ọkọ̀, á bèèrè pé kí ló dé tí ẹnì kan á fi san owó ìjókòó mẹ́jọ. Ó tún ní àánú mẹ̀kúnnù. Òtútù àti ìyàn ń ja àwọn aráàlú Blois nílẹ̀ Faransé nígbà yẹn, ó sì fẹ́ kí wọ́n yá òun lára èrè tí ọkọ̀ ò tíì mú wọlé kóun fi ránṣẹ́ sí wọn. Nínú oṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà ló kú, ọmọ ọdún 39.

Ohun tó ba ètò náà jẹ́ ò wá láti ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ilé ẹjọ́ gíga Párís ló ní kí sójà, ọmọ ọ̀dọ̀ àti lébìrà má wọ̀ ọ́, kí àwọn gbajúmọ̀ lè gbádùn. Ó dùn mí gan-an bí mo ṣe ń ka ibẹ̀, torí àwọn tí ẹsẹ̀ ń ro jù ni wọ́n tì síta. Nígbà tó yá wọ́n fi sol kan lé owó ọkọ̀, kó sì tó di 1680 ó ti kógbá sílé. Èmi gbà pé lílé tí wọ́n lé lébìrà ló pa á.

Àwọn kan á ní Stanislas Baudry ló bẹ̀rẹ̀ ẹ ní Nantes lọ́dún 1826, àwọn míì á ní George Shillibeer ni, ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1829. Baudry gbìyànjú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti lé ní 160 ọdún lẹ́yìn Pascal. Ti Shillibeer ní tiẹ̀, ṣílè kan ló ń gbà láti Paddington dé Bank, òṣìṣẹ́ wo ló fẹ́ rí ìyẹn san lójoojúmọ́?

Ohun tí mo lè gbà fáwọn Gẹ̀ẹ́sì ni òfin. Lọ́dún 1844, ilé aṣòfin wọn pàṣẹ pé ó kéré tán, ọkọ̀ ojú irin kan lójúmọ́ gbọ́dọ̀ wà tó máa dúró ní gbogbo ìdíkọ̀, tó ní òrùlé, tí owó ẹ̀ ò ní ju penny kan lọ fún máìlì kan. Òfin 1883 fi kún un pé kí àwọn ilé iṣẹ́ reluwé máa gbé òṣìṣẹ́ lówó pọ́ọ́kú láàárọ̀ kùtù àti nírọ̀lẹ́.

Ìyókù ò pẹ́ sọ. New York fi owó reluwé abẹ́ ilẹ̀ ẹ̀ sórí sẹ́ǹtì márùn-ún láti 1904 títí di 1948. Párís mú káàdì olóṣooṣù jáde lọ́dún 1975, káàdì kan fún bọ́ọ̀sì àti reluwé. Lọ́ńdọ̀nù gé owó ọkọ̀ ẹ̀ ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta lọ́dún 1981, káńsù Bromley, àdúgbò kan ní Lọ́ńdọ̀nù níbẹ̀, gbé e lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ tó ga jù fagi lé e, nígbà tó fi máa di 1982 owó ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Lọ́dún 1985, Brazil ṣòfin tó wá di pé owó ọkọ̀ òṣìṣẹ́ ò gbọdọ̀ gbà ju ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ẹ̀ lọ, ọ̀gá ẹ̀ á san ìyókù. Seoul, olú ìlú South Korea, so bọ́ọ̀sì àti reluwé pọ̀ lọ́dún 2004, ẹni tó bá sọ̀ nínú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì ò tún owó san látìbẹ̀rẹ̀ mọ́.

Èyí tó kàn mẹ̀kúnnù jù ni òdiwọ̀n tí Lọ́ńdọ̀nù fi sórí Oyster, káàdì tí wọ́n fi ń san owó ọkọ̀ níbẹ̀, lọ́dún 2005. Ẹni tí ò lówó káàdì olóṣooṣù, díẹ̀díẹ̀ ló ń san, tó bá sì ròó pọ̀ lóṣù, tiẹ̀ á ju ti olówó lọ. Pẹ̀lú òdiwọ̀n, tí owó tó o san lójúmọ́ bá ti dé ibì kan, wọn ò ní yọ kọ́bọ̀ mọ́. New York náà gbà á lọ́dún 2022, ìyẹn tọ̀sẹ̀: ẹni tó bá ti san owó ìrìn 12, ó wọ ìyókù lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ló ń kà á, ẹni tó ń san kéèṣì ò sí nínú ìṣirò náà, òun ló sì yẹ kó kọ́kọ́ jàǹfààní ẹ̀. Ìlú tó bá fẹ́ fi òdiwọ̀n sórí owó ọkọ̀ ẹ̀, kó kọ́kọ́ jẹ́ kéèyàn lè fi kéèṣì ra káàdì yẹn ní gbogbo ìdíkọ̀, kí wọ́n má sì béèrè nọ́ńbà báǹkì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.