Yíya fọ́tò síìlì àti kìnnìún òkun

Yíya fọ́tò síìlì àti kìnnìún òkun, àwọn ẹran ọmú tó ń gbé nínú òkun àti ní etíkun, jẹ́ ẹ̀ka kan nínú yíya fọ́tò ẹranko tí kò sí ní àhámọ́. Ibi méjì ni wọ́n ti ń ṣe é: lábẹ́ omi, níbi tí ẹran náà ti ń jẹun tó sì ti ń ṣeré, àti lókè omi, lórí iyanrìn, àpáta tàbí yìnyín, níbi tó ti ń sùn, tó ti ń bímọ, tó sì ti ń pààrọ̀ irun. Irú wọn tó wà láyé lé ní 30. Kì í ṣe ọgbọ́n kan náà ni wọ́n fi ń ya gbogbo wọn, ìbéèrè tó sì yẹ kí ayafọ́tò kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ kò kan kámẹ́rà rárá: ṣé ẹran yìí ní etí tó yọ síta, àbí kò ní?

Etí, ìbàdí àti ojú

Ẹbí méjì lọ̀rọ̀ kàn. Otariidae ni ẹbí àwọn tó ní etí kékeré tó yọ síta, ìyẹn kìnnìún òkun àti síìlì onírun. Phocidae ni ẹbí síìlì gidi, tí ihò lásán wà níbi tí etí ì bá wà. (Walrus, tó ní eyín gígùn bí ti erin, dá ẹbí tirẹ̀ ní, a kò sì ní sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí.) Etí yìí kéré lójú, síbẹ̀ òun ni àmì tó yá jù láti fi dá wọn mọ̀ nínú fọ́tò, ó sì ń bá ìyàtọ̀ tó jù ú lọ rìn. Kìnnìún òkun lè yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú, kó dìde lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó rìn, kó tiẹ̀ sáré gun àpáta. Ìbàdí síìlì gidi kò gba èyí. Ikùn ló fi ń wọ́ lórí ilẹ̀, á súnkì, á nà, bíi kòkòrò orí ewé.

Tí wọ́n bá wọ omi, ọwọ́ iwájú ni kìnnìún òkun fi ń lọ, ó ń jù ú bí ẹyẹ ṣe ń ju apá. Síìlì gidi ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbá omi sọ́tùn-ún sósì bí ẹja ṣe ń ju ìrù. Ohun tí ayafọ́tò máa rí nínú èyí ni pé kìnnìún òkun á yí bírí lójijì, á dojú délẹ̀, á gba ẹ̀yìn rẹ̀ yọ, kó tó mọ̀ ọ́n. Síìlì gidi kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Á rọra yọ́ wá, á dúró sójú kan, nígbà mìíràn á tiẹ̀ sùn sísàlẹ̀ omi láàárín koríko òkun. Ẹni tó bá fẹ́ ya ti àkọ́kọ́ nílò kámẹ́rà tó yára. Ẹni tó bá fẹ́ ya èkejì nílò sùúrù.

Ojú wọn náà tọ́ sí àlàyé, torí ojú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń wò nínú fọ́tò. Inú omi tó ṣókùnkùn ni a ṣe ojú yìí fún: ó tóbi, awọ tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sì wà lẹ́yìn rẹ̀, èyí tó ń mú kí ojú tàn yanran tí iná fíláàṣì bá bá a tààrà. Lókè omi, nínú oòrùn, ọmọlójú ọ̀pọ̀ nínú wọn á súnkì títí yóò fi kù bíi ihò abẹ́rẹ́. Ìdí nìyí tí ojú ẹran kan náà fi lè dúdú mìnìjọ̀ lábẹ́ omi, tí yóò sì dà bí ojú ẹni tí ń ṣẹ́jú ní etíkun. Wọn kò ní ihò tó ń gbé omi ojú lọ sí imú, nítorí náà omijé máa ń ṣàn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn nígbàkúùgbà tí wọ́n bá wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ọ̀pọ̀ àkọlé fọ́tò ló ti pe èyí ní ẹkún. Kì í ṣe ẹkún.

Ìtàn ní ṣókí

Louis Boutan, onímọ̀ ẹ̀dá ọmọ ilẹ̀ Faransé, ya fọ́tò lábẹ́ omi ní Banyuls-sur-Mer ní 1893, ṣùgbọ́n ohun èlò ìgbà náà tóbi, ó sì lọ́ra, kò lè bá ẹran tó ń sáré. Wọ́n tún ya síìlì lórí yìnyín. Herbert Ponting, tó bá ìrìn àjò Robert Scott, ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ sí Àntákítíkà láti 1910, ya síìlì Weddell níbẹ̀. Kámẹ́rà Nikonos tí ilé-iṣẹ́ Nikon gbé jáde ní 1963 ló jẹ́ kí òmùwẹ̀ lásán lè gbé kámẹ́rà wọ omi láìfi í sínú àpótí ńlá.

Fọ́tò tó tíì ní ipa jù lọ nípa àwọn ẹran yìí lè jẹ́ ti ọmọ síìlì harp, ọmọ funfun tí wọ́n ń pa lórí yìnyín ìlà-oòrùn Kánádà. Àwọn àwòrán náà tàn káyé láàárín ọdún 1960 sí 1980. Ní 1983, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fòfin de kíkó awọ ọmọ funfun náà wọlé; Kánádà fúnra rẹ̀ fòpin sí pípa wọn fún òwò ní 1987.

Lábẹ́ omi

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni lílé ẹran náà. Kò sí òmùwẹ̀ tó lè lé síìlì bá. Ohun tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ń ṣe ni pé wọ́n á wọ omi jẹ́ẹ́jẹ́, síbi tó jìnnà díẹ̀ sí àpáta tí àwọn ẹran náà ń sùn lé, wọ́n á lọ dúró sísàlẹ̀ níbi tí omi kò ti jìn, bíi mítà 3 sí 6, wọ́n á sì kó ọwọ́ mọ́ra. Ẹran ló máa wá wo ènìyàn. Àwọn ọ̀dọ́ ló sábà ń kọ́kọ́ dé. Ọ̀dọ́ kìnnìún òkun á já wá síwájú lẹ́ǹsì, á tu ìhó omi, á yà, á tún padà. Síìlì eérú, ìyẹn Halichoerus grypus, ń gba ẹ̀yìn wọlé ní tirẹ̀: òmùwẹ̀ á kàn rí i pé nǹkan kan ń fa bàtà ìwẹ̀ òun, tó bá wẹ̀yìn, ẹran náà á ti sá pa mọ́. Ẹni tó bá ń wo iwájú nìkan kò ní rí síìlì tó ń tẹ̀ lé e.

Ìhó tó ń jáde láti inú ohun èlò ìmí máa ń dẹ́rù ba àwọn kan nínú wọn, pàápàá síìlì gidi. Nítorí èyí ni àwọn kan ṣe fẹ́ràn kí wọ́n fi èémí ara wọn nìkan wọ mòòkùn. Àmọ́ kìnnìún òkun kì í sábà bìkítà; ìhó jẹ́ nǹkan ìṣeré lójú wọn.

Akọ ńlá kì í ṣe ẹni eré. Ní àsìkò ìbímọ àti ìbálòpọ̀, akọ kìnnìún òkun á máa lọ á máa bọ̀ ní ààlà ibi tó gbà, á máa gbó lábẹ́ omi, á sì máa tu ìhó bí èéfín. Ìkìlọ̀ ni. Ẹni tó bá rí i kí ó rọra fà sẹ́yìn, kó má sì wà láàárín akọ náà àti àwọn abo rẹ̀.

Ní ti ìmọ́lẹ̀, omi ń jẹ àwọ̀ pupa kọ́kọ́: láàárín mítà díẹ̀ àkọ́kọ́ ni pupa ti ń ṣá, tí gbogbo nǹkan á di búlúù tàbí àwọ̀ ewé. Irun síìlì tó ti rin dúdú tàbí kó jẹ́ eérú, nítorí náà kò ní àwọ̀ púpọ̀ tó máa sọnù. Kìnnìún òkun aláwọ̀ ilẹ̀ ló ń pàdánù jù. Oòrùn ọ̀sán nínú omi tí kò jìn sábà tó láìlo fíláàṣì. Níbi tí omi bá ti kún fún àwọn èérún tíntìntín, fíláàṣì tí a dojú rẹ̀ kọ iwájú á sọ èérún kọ̀ọ̀kan di ìràwọ̀ nínú fọ́tò. Àwọn tó ń lò ó máa ń na apá iná náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á sì dín agbára rẹ̀ kù kí ó lè tètè ṣe tán fún ìtànná tó kàn. Ní ti àkókò tí kámẹ́rà fi ń ṣí sílẹ̀ gba ìmọ́lẹ̀, 1/250 ìṣẹ́jú àáyá ni ọ̀pọ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀ fún kìnnìún òkun tó ń sáré; 1/125 lè tó fún síìlì tó dúró.

Gíláàsì iwájú àpótí tí wọ́n ń fi kámẹ́rà sí kí omi má bàa wọ̀ ọ́ ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ìwé ìtọ́nisọ́nà ṣe ń sọ lọ. Gíláàsì pẹlẹbẹ ń mú kí nǹkan dà bí ẹni pé ó fi ìdá mẹ́rin kan sún mọ́ wa ju ibi tó wà lọ, ó sì ń dín fífẹ̀ àwòrán kù. Gíláàsì tó yọ ṣùù bí ìlàjì bọ́ọ̀lù ń dá fífẹ̀ náà padà. Òun ni wọ́n ń lò pẹ̀lú lẹ́ǹsì olójú fífẹ̀, torí pé ẹran á sún mọ́ títí yóò fi kan gíláàsì, omi tó bá sì kéré láàárín ẹran àti kámẹ́rà, bẹ́ẹ̀ ni àwòrán ṣe ń mọ́ tó. Ìṣòro kan wà ńbẹ̀: kìnnìún òkun ń rí òjìji ara rẹ̀ nínú gíláàsì yìí, á sì fẹ́ gé e jẹ. Eyín wọn ń ha á.

Ẹni tó bá wo òkè láti ìsàlẹ̀ omi tó dákẹ́ á rí ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run nínú òbìrí kan tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ bíi 97 dígírì. Ojú omi tó kù á ṣókùnkùn. Kìnnìún òkun tó bá kọjá nínú òbìrí náà á yọ dúdú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì ní nínà. Ara síìlì gidi kò fi bẹ́ẹ̀ yẹ irú àwòrán yìí. Á kàn rí roboto bí ìgò ni.

Àwọn ibi tí a mọ̀ dáadáa fún iṣẹ́ yìí ni Los Islotes nítòsí La Paz ní Mẹ́síkò, tí wọ́n ń tì fún àwọn awẹ̀dò láti oṣù kẹfà dé oṣù kẹjọ nítorí ìbímọ. Erékùṣù Hornby ní Kánádà, níbi tí kìnnìún òkun Steller ti ń péjọ ní ìgbà òtútù. Erékùṣù Farne ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún síìlì eérú. Àti àwọn erékùṣù Galápagos. Gúúsù Ọsirélíà yàtọ̀ díẹ̀. Kìnnìún òkun ibẹ̀, Neophoca cinerea, ń bímọ ní bíi oṣù 17 sí 18 síra wọn, nítorí náà kò sí oṣù kan pàtó nínú ọdún tí ènìyàn lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun á bá ọmọ tuntun níbẹ̀.

Ní etíkun

Lẹ́ǹsì gígùn, 300 sí 600 mm, ni wọ́n ń lò lókè omi. Fífi àyà lélẹ̀ kí kámẹ́rà lè dọ́gba pẹ̀lú ojú ẹran ń ṣe iṣẹ́ méjì: àwòrán á dára sí i, ènìyàn kò sì ní yọ gàgàrà lójú ọ̀run bí ohun tó fẹ́ gbé wọn jẹ. Afẹ́fẹ́ tún ṣe kókó, torí wọ́n ń gbóòórùn dáadáa.

Orí gbígbé ni àmì àkọ́kọ́. Tí ẹran kan bá gbé orí sókè tó sì ń wo ènìyàn, ó ti rí i; tí púpọ̀ bá gbé orí sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ayafọ́tò ti sún mọ́ jù. Ohun tó lè tẹ̀ lé e ni kí gbogbo agbo rọ́ lọ sínú omi, níbi tí àwọn àgbà ti lè tẹ ọmọ pa. Dírónù tó fò lọ sílẹ̀ lè dá irú ìdàrúdàpọ̀ yìí sílẹ̀.

Ọmọ síìlì tó dá wà kì í ṣe ọmọ òrukàn dandan. Ìyá rẹ̀ lè wà nínú omi. Ìyá síìlì eérú ń fún ọmọ lọ́mú fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, lẹ́yìn náà ó fi í sílẹ̀. Irun funfun ọmọ náà ń tan kámẹ́rà jẹ, pàápàá lórí yìnyín: kámẹ́rà á sọ funfun di eérú àyàfi tí ènìyàn bá fi ìmọ́lẹ̀ kún un. Àgbà tó rin ń fa ìṣòro òdìkejì.

Donna Nook ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọgbà tó ya èrò sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ síìlì ní oṣù kọkànlá àti ìkejìlá. Ní Año Nuevo, California, ìgbà ìbímọ síìlì erin kì í gba ẹnikẹ́ni láyè láìsí afinimọ̀nà. Cape Cross ní Nàmíbíà ní afárá pákó láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún síìlì onírun. Òórùn ibẹ̀ kò ṣeé yà ní fọ́tò.

Ewu

Bí síìlì bá gé ènìyàn jẹ, ìka lè wú kó sì máa dùn gidigidi, àrùn tí wọ́n fi síìlì sọ lórúkọ. Kòkòrò Mycoplasma wà lára ohun tó ń fà á, oògùn tetracycline ni wọ́n sì sábà fi ń wò ó. Síìlì àmọ̀tẹ́kùn ti Àntákítíkà ni a bẹ̀rù jù. Ní 2003, ó pa onímọ̀ ẹ̀dá òkun kan tó ń lúwẹ̀ẹ́ nítòsí ibùdó Rothera. Ní ìdàkejì, abo kan tí Paul Nicklen yà, tí fọ́tò rẹ̀ jáde ní 2006, ń gbé pẹ́ńgúìnì wá fún un léraléra bí ẹni ń bọ́ ọmọ. A kò lè fi ìtàn kan ṣèdájọ́ irú yìí. Ọ̀fìnkìn ẹyẹ H5N1 tún ti pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìnnìún òkun ní Pẹ́rù àti Ṣílè, àti ọmọ síìlì erin ní Ajẹntínà ní 2023. Òkú tàbí ẹran tó ń ṣàìsàn kò ṣeé sún mọ́.

Òfin

Òfin ọdún 1972 ti Amẹ́ríkà ka dídí ẹran òkun lọ́wọ́ sí ẹ̀ṣẹ̀, ìmọ̀ràn ìjọba níbẹ̀ sì ni kí ènìyàn fi bíi mítà 45 jìnnà sí síìlì àti kìnnìún òkun. Ẹni tó bá fẹ́ sún mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún iṣẹ́ fọ́tò lè bèèrè ìwé àṣẹ. Galápagos ń béèrè mítà 2, kò sì fàyè gba fíláàṣì. Níúsílándì ń gbani níyànjú mítà 20.

Lílò fún ìwádìí

Àbàwọ́n ara síìlì eérú kò jọra láti ọ̀kan sí èkejì, ti abo ló sì hàn jù. Láti ara fọ́tò nìkan, àwọn olùṣèwádìí lè mọ̀ pé abo kan padà sí etíkun kan náà lọ́dọọdún, tàbí pé wọ́n rí i ní etíkun mìíràn tó jìnnà. Síìlì àmọ̀tẹ́kùn náà ṣeé dá mọ̀ báyìí. Àpá àti àmì ara ni wọ́n fi ń tọpa síìlì monk ti Hawaii. Fọ́tò tún ń fi okùn àwọ̀n tó há sí ọrùn ẹran hàn nígbà tí kò sí ẹni tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ fọ́tò arìnrìn-àjò kì í wúlò fún iṣẹ́ yìí, bó ti wù kí wọ́n rẹwà tó, nítorí iwájú ojú ni wọ́n yà. Ẹ̀gbẹ́ orí àti ọrùn, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti yà á, ni àwọn olùṣèwádìí ń wá.